Ọsàn Wẹ́wẹ́ Bàbá Wọn

Ọwọ́ aránṣọ yìí kì í dilẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún. Káfíńtà ọkọ rẹ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e dìde: kí ọ̀fìnkìn mú ọkọ rẹ̀. Á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná, á po oyin mọ́ ọn, á wá jókòó tì í títí á fi mu ún tán, torí bí ó bá yíjú pẹ́nrẹ́n, ojú fèrèsé ni káfíńtà máa dà á sí.

Ọ̀fìnkìn wá di àlejò tí kì í lọ. Ẹsẹ̀ dun káfíńtà, ó ní ọ̀fìnkìn ni. Pákó já lu ọwọ́ rẹ̀, ó sín. Ọkùnrin tí kò fẹ́ ohun kíkan sétí ló ń mu ọsàn wẹ́wẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ ṣáà lè jókòó. Aránṣọ mọ̀. Ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nígbà tó wá ku ọ̀la kí ilé-ìwé wọlé, tí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ àdúgbò kún pálọ̀ dẹ́nu ọ̀nà, káfíńtà pè láti yàrá pé ọ̀fìnkìn ti dé. Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó po ọsàn náà, ó gbé e tì í.

"Jókòó tì mí díẹ̀, Ìyá wọn."

"Ẹ mu ún, Bàbá wọn. Mo ń bọ̀."

Ó padà sídìí máṣíìnì. Ó gbọ́ ikọ́ kan, ó ní eré àgbàlagbà yìí kò ní tán. Nígbà tó ran kọ́là tó kẹ́yìn tán tó wọlé, ife kún síbẹ̀, ó ti tutù. Ó pe Bàbá wọn, kò dáhùn.

Dókítà ní àìsàn ọkàn ló pa á, pé kò sí ohun tí ọsàn lè ṣe sí i. Ó rò pé òun ń tù ú nínú. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ọsàn ni ọkùnrin náà bèèrè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó gbẹ̀yìn ti aránṣọ, kò sì lọ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ tó ń gbé yàrá kejì ń sín. Aránṣọ fi aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó po ọsàn wẹ́wẹ́, ó fa àpótí tì í. Olùkọ́ ní kí Màmá máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ọ̀fìnkìn lásán ni.

"Mu ún," ni aránṣọ wí. "Mo ti jókòó."