Ọ̀sán Tí Màámi Dìde Lórí Ẹní

Bí òórùn tàtàṣé bá ti gbà mí nímú lọ́jà Mile 12, ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sì ní kí Màámi jókòó sórí ẹní títí wọn yóò fi ṣe opó tán. Èmi ń wo àwọn tó lọ sí òfurufú lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń léfòó bí ìyẹ́ adìyẹ.

"Màámi, ẹrù kì í wúwo níbẹ̀ o!"

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe látàárọ̀?"

"Wọ́n so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń sáré lójú kan. Wọ́n ní dandan ni, kí ara wọn má bàa rọ."

Màámi wò wọ́n títí. Ni Màámi bá dìde lórí ẹní, wọ́n mú òṣùká.

"Ìyàwó, opó kì í jáde!" ni ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ké.

"Ẹ bá mi jókòó sórí ẹní náà, Àǹtí. Mò ń lọ sọ́jà."

Mo tẹ̀ lé wọn dé Mile 12. Nídìí tírélà tó ń já ẹrù, Màámi ru agbọ̀n tàtàṣé, òógùn bò wọ́n. Mo rò pé inú ló ń bí wọn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọkàn tó ń lù láyà àwọn tó ń léfòó yẹn máa ń súnkì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti fúyẹ́ jù.

Lánàá, alábàárù kan fẹ́ gbé agbọ̀n mi. Mo ká òṣùká, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi ni kó o gbé e rù."