Sitiárín Tó Le

Nígbà tí sitiárín píkọ́ọ̀pù mi le, kò sẹ́ni tó ń wá rán mi níṣẹ́ mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, èmi nìkan ni mo ní ọkọ̀ akẹ́rù nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà ní Achara Layout, n'Ẹ́núgù. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé, èmi ló ń pè. Àga ìpàdé, èmi ni. Àwọn àgbà ló ń rán mi, mi ò sì lè kọ̀, àfi bíi pé tìtorí ẹrù wọn ni wọ́n ṣe bí mi.

Ṣùgbọ́n èjìká ń pa mí kú. Bí mo bá fẹ́ yà, gbogbo ara ni mo fi ń fà á, ọkọ̀ á sì máa kùn. Mo bu epo sitiárín sí agolo rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, epo ti ṣàn sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan l'Ábákpa ló wá rí i pé họ́ọ̀sì tí epo náà ń gbà kọjá ló là. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó bu epo tuntun, ó ní kí n yí sitiárín sọ́tùn-ún sósì títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán.

Nígbà tí mo délé, alága ẹgbẹ́ wa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní wọ́n fẹ́ kó àga lọ sí Amechi.

Mo ní, "Bàbá, sitiárín ṣì le o."

Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé, ó fi ìka kan yí sitiárín náà. Ó yí wẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, àga náà pọ̀ díẹ̀. Tètè lọ jẹun."