Ìka Tí Mo Tẹ̀ Sí Ìwé Ìdáríjì

Ọdún tí a fi owó ra owó ni. Ẹni tó bá gbé Ìkìrun lọ́dún náà kò ní gbàgbé: owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà oní-POS láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n sọ déètì. Èmi kò mọ déètì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti gbin àgbàdo lọ́dún náà, kò sì tíì gbó, nígbà tí mọ́tò kan gbá wa lẹ́yìn láàárín Inísà sí Òkukù.

Àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀wà ni mo ń tà. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo, ló ra mọ́tò náà fún mi nígbà tó rí i pé ẹ̀yìn mi kò gba kí n máa há mọ́ àárín àpò nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló ń wà á. Ọmọkùnrin mi yìí náà ló san ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Kì í ṣe ìwé pélébé tí wọ́n fi ń dá ọlọ́pàá lóhùn o, èyí tó tóbi ni, tí wọ́n ní bí ohunkóhun bá ṣe mọ́tò, àwọn ni yóò tún un ṣe.

Mo ní, "Ẹ tún ń sanwó de jàǹbá?"

Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà máa ṣe àmín."

Ọjọ́ ọjà Òkukù ni. Àwọn àgùntàn kan ya sójú ọ̀nà, ọmọ mi dúró fún wọn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò dúró. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀wà tó ń dà bí òjò orí páànù. Èjìká mi ọ̀tún yẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò sì wọlé bí agolo tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó gbá wa jáde, ó káwọ́ lórí. Ọmọ Òkukù ni, tíṣà ni n'Ínísà. Ó ní fóònù ni òun ń wò. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Ọlọ́pàá fa mọ́tò rẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n wọ́ tiwa wá sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin oníìnṣọ́ránsì dé. Ó ya fọ́tò mọ́tò yí ká, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀wà tí mo sè fún un.

"Màmá, bó ṣe rí nìyí. Àwa la máa tún mọ́tò yín ṣe, ẹ kò ní dúró de ẹni tó gbá yín. Bí a bá tún un ṣe tán, a óò wá dúró sípò yín. Ohun tí ẹ ì bá gbà lọ́wọ́ ẹni yẹn, àwa la máa lọ gbà á. Nítorí náà, ẹ má bá a ṣe àdéhùn kankan. Ẹ má tẹ̀ka sí nǹkan kan."

"Ọmọ mi, ta ló máa gbéwèé fún èmi tí n kò mọ̀wé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ìyá tíṣà wọlé, pẹ̀lú àgbà méjì láti ìjọ wọn, odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti páálí bisikíìtì. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá ṣẹ̀, òbí rẹ̀ ló ń ru ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni o, bí kò bá jù mí lọ.

"Ìyá, ẹ dìde."

"N kò ní dìde. Ẹ bá mi foríji ọmọ mi."

"Ẹ dìde ná, orúnkún yín kò sàn ju tèmi lọ."

"Ẹ yáa tètè dáhùn. Tó bá pẹ́ sí i, n kò ní lè dá dìde mọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi."

Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi. Mo ní mo ti foríjì í, tọkàntọkàn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yọ ìwé jáde. Ó ní bí mo bá tẹ̀ka sí i, ọlọ́pàá máa tú mọ́tò tíṣà sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi kà á fún mi: mo ti dáríjì í, n kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká pe bọ̀ọ̀dá."

"Kí bọ̀ọ̀dá rẹ wá bá mi dáríjì ni? Kí ni mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣebí ìnṣọ́ránsì máa tún tèmi ṣe."

Mo tẹ̀ka. Ìyá náà gbàdúrà fún mi títí ohùn rẹ̀ fi ha.

Nígbà tí oníìnṣọ́ránsì padà wá, tó sì rí ẹ̀dà ìwé náà, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Màmá, ó jọ ẹni tó jogún oko. Ìwọ̀n tí olóko fi sílẹ̀ ni ajogún máa bá. Èyí tí olóko ti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ajogún kò lè béèrè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí a fẹ́ dúró lé lórí lẹ ti fi tọrẹ yẹn. Àwọn ọ̀gá wa kò ní sanwó."

"Àánú ìyá yẹn ló ṣe mí."

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n tíṣà gan-an ní ìnṣọ́ránsì. Kò ní san kọ́bọ̀ kan lápò ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ la ì bá lọ bá."

Èyí ló rẹ̀ mí jù. Ilé-iṣẹ́ tí n kò mọ̀, tí kò kúnlẹ̀ fún mi, òun ni mo foríjì.

Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: bí tíṣà àti ìyá rẹ̀ bá gbà kí a fagi lé ìwé náà, bóyá àwọn ọ̀gá yóò gbọ́. Ọmọ mi pariwo lórí fóònù láti Òṣogbo: "Màámi! Ẹ ò ṣe pè mí?" Mo ní, "Bí mo bá pè ọ́, ṣé ìwọ lo máa wá gbé ìyá yẹn dìde nílẹ̀?"

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù, mo fi gèlè gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà. Bí ìyá tíṣà ṣe rí mi, ó pariwo ayọ̀, ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo obìnrin tó ṣàánú òun. Ó gúnyán. Ó béèrè èjìká mi. Mo ní ó ti ń sàn. Mo jẹun, mo fọwọ́, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí mo bá lọ kò kúrò lẹ́nu mi.

Mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò wa títí adìyẹ fi ń yé ẹyin sí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọmọ mi tà á fún àwọn tó ń tú mọ́tò tà. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ báyìí, àpò lórí itan.

Nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ mi wálé ọdún Kérésì, mo pè wọ́n jókòó. Mo ní, "Bí ẹnìkan bá kúnlẹ̀ fún yín, ẹ gbé e dìde, ẹ fún un lómi, ẹ foríjì í, kí ẹ sì foríjì í lóòótọ́. Ẹnu ti tó fún ìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ìwé, ẹ ní ó di ọ̀la, kí ẹ lọ bi oníìnṣọ́ránsì yín ná."

Àbíkẹ́yìn mi ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Bí ìyá yẹn bá tún wá kúnlẹ̀ lónìí?"

Mo ní èjìká ń dùn mí, kí ó lọ bá mi gbé omi gbígbóná wá.