Wọ́n Ń Yọ Láìkágò

Títí di òní, bí òórùn kẹrosíìnì bá gba iwájú mi kọjá ní òwúrọ̀, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ ná kí n tó rántí pé mo ti dàgbà. Ní ilé wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, òórùn yẹn ni òórùn ọjọ́ Ajé. Màámi á ro kẹrosíìnì inú sítóòfù rẹ̀ kékeré sínú ìgò, á fi àkísà nu sítóòfù náà dáadáa, á wá fi ọ̀rá méjì wé e kó má baà ba ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jẹ́ nínú báàgì. Iperindo, lẹ́yìn Iléṣà, ni ìjọba gbé e lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ Ajé ló ń lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀. Bó bá ti fẹ́ jáde, á ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mi ò sì rí ohun tó dùn nínú àjò náà rárá.

Baba wa, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, ẹni tó ń ṣe àga onítìmùtìmù ní iwájú ilé, ló ń bọ́ wa títí ọjọ́ Jímọ̀ á fi pé. Ó gbìyànjú. Gbogbo oúnjẹ tó bá sè ló máa ń ní òórùn gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ fóòmù mọ́ igi, èmi àti Múfú ẹ̀gbọ́n mi á sì jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni yóò fọ ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù wá nínú ni tẹlifíṣọ̀n. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àpótí ìṣó baba wa lọ, antẹ́nà rẹ̀ sì wà lórí ọparun níta, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa yí i kí àwòrán tó dúró.

Eré òyìnbó méjì ló gba ọkàn wa, àwọn eré tó ń sọ nípa ayé tí kò tíì dé, níbi tí ènìyàn ti ń pòórá níbìkan tó sì ń yọ níbòmíràn. Nínú èkíní, ẹni tó fẹ́ lọ á dúró lórí ohun kan tó dà bí ọmọrí ìkòkò, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di yanrìn tó ń tàn yinrinyinrin láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ìró rẹ̀ á máa lọ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Oníyanrìn là ń pè é. Nínú èkejì, wọn kì í fọ́ ènìyàn. Wọ́n á fà á gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́, á wá lọ, pọ́ọ́! Ìyẹn ni Olówùú.

A ò gbàgbé tilé. Eré Yorùbá kan wà lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí bàbá kan ti máa ń lo egbé. Á pe ọfọ̀, á pàtẹ́wọ́, èéfín á bo ojú tẹlifíṣọ̀n, gbàùù! Nígbà tí èéfín bá fi máa kúrò, bàbá náà ti lọ, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó lẹ́yìn rẹ̀ náà ti lọ, oòrùn tí kò sí tẹ́lẹ̀ sì ti ń ràn. Lónìí mo mọ̀ pé wọ́n kàn pa kámẹ́rà ni, wọ́n lọ jẹun, eléwúrẹ́ sì wá mú nǹkan ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, Múfú ní egbé yẹn ló lágbára jù, torí pé ó gbé ewúrẹ́ mọ́ ọn. Wàláhì, odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi jiyàn lórí ewúrẹ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà sídìí òpó, ó ń jẹ èèpo iṣu.

Múfú wá yan Olówùú, ó ní ó mọ́ tónítóní, kì í ṣòfò ènìyàn. Èmi yan Oníyanrìn. Gbogbo ayé rò pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màámi ni mò ń wá ohun ìrìnnà fún. Mo fẹ́ èyí tí yóò máa gbé e wálé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kì í sì di ẹrù! Ènìyàn á ti ayé kan bọ́ sí ayé mìíràn láìmú búrẹ́dì kan dání fún àwọn tó ń lọ bá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tí Oníyanrìn kan gbé àpótí dání, tí àpótí náà di yanrìn pẹ̀lú rẹ̀, tó sì tún di àpótí níbi tó lọ. Mo ní, ó parí, sítóòfù á lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ gba Iléṣà kọjá lójijì, tí yanrìn díẹ̀ fò lọ ńkọ́, ibo lára ìyá mi ni yóò dín?

Wàhálà dé nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n méjèèjì gbé eré wọn sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Èmi yí antẹ́nà sọ́tùn-ún, Múfú yí i sósì, títí ọparun fi dá. Baba wa jáde pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, ó wò wá, ó wo ọparun. Kò nà wá. Ó ní kí a gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú Ìyá Iléṣà, èyí tó bá dá láre la ó máa wò. Ó fi kún un pé, "Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àfi pé Ìyá Iléṣà kò ríran. Òun ni ìyá Màámi, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló sì kù tó lè dá mọ̀. Aṣọ ló fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ kiri láti abúlé dé abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni baba wa ṣe gbé ẹjọ́ àwòrán síwájú afọ́jú, tó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Sátidé méjì ni ìgbẹ́jọ́ gbà. Baba wa ri ọparun mìíràn mọ́lẹ̀, a sì gbé àga ìyá súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Oníyanrìn kọ́kọ́ ṣe ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ta ló ń da gààrí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Nígbà tí Olówùú ṣe pọ́ọ́ ní Sátidé kejì, ó ní, "Ẹ bu díẹ̀ fún mi nínú ohun tí ẹ ṣí yẹn." A wá jókòó, a ṣàlàyé fún un pé ènìyàn ló ń dé. Ó wá béèrè.

"Yàrá ta ló dé sí?"

"Yàrá ọba wọn ni, Ìyá," ni Múfú wí.

"Ó kágò?"

A ní rárá.

"Kí ni àwọn onílé wá ṣe nígbà tó dé?"

"Wọ́n yìnbọn sí i ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ yẹ̀. "Wọ́n mà kú ìfaradà o! Ìgbà tí mò ń kiri aṣọ, bí mo bá yọ sí ènìyàn lágbàlá láìpe 'Àgò onúlé o,' ajá wọn ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Ẹni tí a ò gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́nà, báwo la ṣe fẹ́ bu omi dè é? Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n dé nínú àwọn méjèèjì." Ó wá dájọ́: kí a pa tẹlifíṣọ̀n ní aago márùn-ún Sátidé, kí a tan rédíò, nítorí pé aago yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe ètò àwọn àgbà tí òun fẹ́ràn. Adájọ́ ló kó ohun tí a ń jà lé lórí lọ. Baba wa kò yí ìdájọ́ náà padà. Mo ṣì gbà pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Inú bí mi sí i fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, Ìyá Iléṣà pè mí kí n wá jókòó ti òun ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìwọ tí o fẹ́ràn ìró, tẹ́tí." Ọ̀kadà ń kọjá, ẹni tó ń lọ ata ń lọ ata, baba wa ń kan ìṣó. Lójijì ìyá ní, "Ìyá rẹ ti sọ̀kalẹ̀ ní oríta. Lọ bu omi." Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ bu omi, ìgbà tí mo fi máa dé, mo gbọ́ ọ: ìdérí sítóòfù ń lu ara rẹ̀ nínú báàgì, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, ó ń súnmọ́lé. Lẹ́yìn náà ni Màámi wá pe, "Àgò onúlé o!" bí ẹni pé kì í ṣe ilé ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni mò ń bu omi. Tí mo bá gbọ́ sítóòfù náà ṣáájú kó tó yọ, inú mi á dùn ju ti ẹni tó ń wo eré méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wá dé tí sítóòfù kò dún. Òjò ńlá ti rọ̀ láti ọ̀sán. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, baba wa sì jáde lọ sí oríta lẹ́ẹ̀mẹta, òun nìkan ló ń padà. Ìyá ní, "Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ sí ibi iṣẹ́ baba wa, mo gun orí àga kan tí wọn kò tíì wọ̀ láṣọ, mo kọjú sí ọ̀nà Iléṣà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Múfú bá mi níbẹ̀. Mo rò pé ó máa fi mí ṣẹ̀sín. Ó gun àga kejì, ó sì ń ṣe pọ́ọ́, pọ́ọ́, pọ́ọ́. A ṣe é títí ètè wa fi wú. Ẹ̀rù ń bà wá gan-an.

Ní aago márùn-ún, a tan rédíò fún ìyá nítorí pé ìdájọ́ ni ìdájọ́. Ètò náà kò tíì dé àárín nígbà tó na ọwọ́, tó pa á. Múfú ní, "Ìyá, kò sí nǹkan kan." Ìyá ní, "Ẹ lọ bu omi." A dúró. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ló rì sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún Màámi, bàtà rẹ̀ kan ti sọnù. Síbẹ̀ ó dúró ní ìta, ó kágò kó tó wọlé. Mo sáré gbé omi lọ bá a, mo sì da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Èmi àti Múfú wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, àwa àgbàlagbà tí a bímọ, tí a níṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ wa níbẹ̀ sì ni kí a máa fi bí àwọn òṣèré ṣe ń pòórá nínú eré wéra, báwo ni ti èyí ṣe ń tàn, báwo ni ti tọ̀hún ṣe ń dún. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jà lórí ìró kan tí ènìyàn kò lè mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó tán. Lọ́yà kan fi ìbínú jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Dókítà kan ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wá kí òun bí òun bá kú. Múfú ṣì wà lẹ́yìn Olówùú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú gbogbo wọn, èwo ló kágò rí? Ẹnìkan fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn, wọ́n sì padà sídìí ìjà wọn.

Ìyá Iléṣà ti lọ, baba wa náà ti lọ. Màámi ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló wà nílé Òkè-Fìà. Láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dáa, mi ò sì tíì débẹ̀ láti ọdún Iléyá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ìbá gbà kí wọ́n lọ òun di yanrìn kí ó lè rí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan péré. Èmi ní mọ́tò ní ẹnu ọ̀nà, mo sì ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pè é lórí fóònù, irú èyí tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Ife omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè bóyá òògùn ló fẹ́ lò.

"Rárá o," ló wí. "Mọ́tò kan ló dúró níwájú ilé lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ìwọ ni, ni mo bá lọ bu omi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ní kò burú. Ó gbé omi náà mu fúnra rẹ̀.