Ojú Ìwé Tí Aró Kò Kàn

Òórùn aró ló kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo ṣí àpótí olóògbé ìyá mi ní Aké lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lábẹ́ àdìrẹ kan tó ti pẹ́ ni mo ti bá ìwé ìtàn tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mo wà ní pírámárì. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí mo fi bò ó ṣì wà lára rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń wá ìyá rẹ̀ kiri ni. Ọ̀rẹ́ mi, Rìsíkátù, fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń pa aṣọ láró ló ń gbé. Ìyá tó bí i ti lọ láti kékeré rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó lọ fún un. Tó bá ti bá ìyá àgbà sá aṣọ tán, á sáré wá sílé wa, a ó jọ ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, títí ìyá mi á fi ní, "Rìsí, wọ́n ń wá ọ nílé o."

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tẹ́ ẹ ń ka gbogbo nǹkan lórí fóònù, ẹ ò lè mọ bí ìwé kan ṣoṣo ṣe ń sọni di ahun. Lọ́jọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé àtàǹpàkò Rìsí ti fi aró kun ìwé mi. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pè é ní ọmọ aláró, mo ní kó lọ fọwọ́ kó tó tún kàn án. Bẹ́ẹ̀ ta ni ò mọ̀ l'Abẹ́òkúta pé ọṣẹ kì í ran aró inú èékánná? Lọ́jọ́ kejì ó padà wá. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn ha ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi bó. Aró ò kúrò, èmi náà ò gbà.

Ó ní, "Kò burú. Ṣáà sọ fún mi, ṣé ó rí ìyá ẹ̀?"

Mo kẹ̀yìn sí i, mo wọlé lọ.

Kí n tó rò ó pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹbí bàbá rẹ̀ ní Wásinmi. Ibẹ̀ ló kú sí. Ibà ni wọ́n ní. Ìyá àgbà ò mọ ohun tí mo ṣe. Òun ló pa àdìrẹ inú àpótí yẹn láró fún mi, ó ní kí n máa fi rántí ọ̀rẹ́ mi. Mi ò ró o rí.

Bí mo ṣe ń kàwé náà, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ ń bá mi bọ̀ láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Nígbà tó dé ogójì, ó dúró. Funfun báláú ni ìyókù. Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Mo ka èyí tó kù sókè nínú yàrá òfìfo. Ọmọ náà rí ìyá rẹ̀. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìkòkò aró ìyá àgbà ti fọ́ tipẹ́, ilé wọn ti di ṣọ́ọ̀bù. Aró ọwọ́ Rìsí nìkan ni ò ṣí.

Ọmọ ọmọ mi wọlé bá mi níbẹ̀, epo àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ fọwọ́."

Mo ní kó má wulẹ̀ fọ̀ ọ́, kó wá jókòó.