Àyè Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàréè

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í pe nǹkan ní orúkọ tí ayé ń pè é. Igbá tó ti fọ́, "ẹwà" ni. Ògiri alámọ̀ tó ń wó lọ, "ìtàn" ni. Mi ò ní pè é ní "wọ́n" níbí o. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Lọ́dún tí mo máa jáde, ó ní òun fẹ́ ṣe eré orin kékeré kan lábúlé: olórin kan, gìtá kan, ogún ènìyàn péré tí etí wọn mọ orin gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ilé àtijọ́ tó dára fún un, eré náà ni yóò jẹ́ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Ilé ìyá àgbà mi ni mo fà lé e lọ́wọ́, lábúlé kan lẹ́yìn Ìrókò. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì bò ó. Kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Orí rẹ̀ la ti ń gba atẹ́gùn, orí rẹ̀ ni ìyá àgbà ń sá láfún sí. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yẹn, àyè kan wà tó fẹ̀ tó ẹní kan. Ìyá àgbà kì í gbin nǹkan kan síbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbá a. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sùn sí bí ọlọ́jọ́ bá dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé, "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì o."

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, a fi ọkọ̀ kó pákó àti búlọ́ọ̀kù dé. Ọ̀gá yí ilé po, ó ń fa òórùn láfún símú bí ẹni gbóòórùn lọ́fínńdà. Ó nawọ́ sí sàréè àti àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ká to búlọ́ọ̀kù, ká tẹ́ pákó lé e, ibẹ̀ ni olórin yóò jókòó sí. Ẹnu mi wúwo. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mi ò sọ. Èmi gan-an ni mo gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé àyè yẹn.

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n máa kó o kúrò?"

"Tí eré bá ti parí, ìyá àgbà."

Wọ́n ní kò burú, wọ́n lọ se iṣu fún wa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tí etí wọn mọ orin gbọ́ dé láti Ìbàdàn. Ẹ wo nǹkan! Ọ̀kan wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, síbẹ̀ ó nu àga kó tó jókòó. Òmíràn ń ya fọ́tò ewúrẹ́ bí ẹni tí kò jẹ ẹran rẹ̀ rí. Olórin náà ńkọ́? Ohùn rẹ̀ kò ju ti aláìsàn tó ń tọrọ omi lọ. Gbogbo wọn sì dijú. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ patẹ́wọ́. Àwọn ìyàwó ilé tó wá wòran ní "Ẹ kú orin o," ó fi ìka lé ètè sí wọn. Ẹ gbà mí o, ẹni tó wá bá wọn nílé wọn! Mo yọ ṣùtì sí gbogbo wọn lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn orin kẹta, ọ̀gá dìde. Ó ní orí pákó yìí dùn ún wò, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn bíríkìlà yóò wá da kọnkéré síbẹ̀, kó lè wà títí láé. Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí àwọn ará abúlé lè gbọ́ kí wọ́n sì dúpẹ́. Mo wo ìyá àgbà. Wọ́n ti gbọ́.

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ẹní wọn jáde. Wọ́n gba àárín àwọn àga kọjá, wọ́n gun orí pákó, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ olórin, wọ́n sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja.

"Ẹ máa kọrin yín lọ," wọ́n ní. "Àyè mi rèé."

Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Àwọn tí kì í patẹ́wọ́! Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ká a sílẹ̀. Obìnrin kan ń nu omijé nù. Eré ni wọ́n pè é.

Ọ̀gá tẹ̀ sí mi létí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìwọ lo ronú èyí?"

Ẹnu tó wúwo láàárọ̀ ti fúyẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá àgbà yí ojú sí mi. Wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ká ẹní wọn, àtẹ́wọ́ ṣì ń dún. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n dúró.

"Mi ò tíì kú o," wọ́n ní, "o ti ta ibojì mi."