Aṣọ Tí Kò Létí

Bí o bá fẹ́ bá ìyá télọ̀ àdúgbò wa jà, gbé aṣọ ọmọdé lọ fún un. Bó-ṣe-mọ la máa ń pè é, nítorí bí ara ọmọ bá ṣe mọ lónìí náà ni yóò ṣe rán aṣọ rẹ̀. Kò ní ká etí aṣọ sínú, kí èèyàn lè rí nǹkan tú sílẹ̀ bí ọmọ bá ga. Yunifọ́ọ̀mù tó rán fún ọmọ mi, táàmù ò tíì parí tí orúnkún fi yọ síta. Mo fi ìbínú lọ bá a.

"Ta ló sọ fún ẹ pé á dàgbà?" Ohun tó bi mí nìyẹn. Síbẹ̀, mi ò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló dáa jù, àbí kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ọmọ ọdún méje ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin nígbà tí ibà gbé e lọ. Àwọn ṣòkòtò ọmọ náà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú etí fífẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tú. Láti ìgbà náà, bí máṣíìnì bá ti dákẹ́, ó máa ń yíjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣì ń pọ̀n nígbà yẹn, inú aṣọ péńpé ló dàgbà sí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọmọ náà a ní ìyá rẹ̀ láhun. Ahun kọ́, ẹ̀rù ni.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba búláòsì mi, ọmọbìnrin yìí gbé ọmọ tirẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọlé, ó na aṣọ kan sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ fi etí sílẹ̀ fún gáùn yìí o."

"Bó ṣe mọ ni màá rán an."

"Mi ò ní wọ̀ ọ́ fún un nìyẹn. Ọmọ ń bẹ láàyè, ẹ̀yin ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Ìyá gba aṣọ náà. Ó gé e, ó ká etí rẹ̀, ó tún un ká. Nígbà tó rán an tán, ọmọ rẹ̀ yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Màámi! Títí tó fi máa pé ọmọ ọdún méje ló máa wọ èyí!"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ibi tí mo lè ká a dé nìyẹn," ni ìyá wí. "Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń rí lẹ́yìn ìyẹn."

"Màámi, èmi náà kọjá ọdún méje."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè wò ó.

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n lè wò ẹ́."